Ẹ̀rọ Tí Mo Yàn Fún Gìtá Mi

Ọkọ mi fẹ́ mi nítorí gìtá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹbí mi lọ́jọ́ ìdána, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ó ní orí pèpéle ni òun ti kọ́kọ́ rí mi, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, lọ́jọ́ àṣeyẹ ìparí ọdún. Mo gbé gìtá lé itan, mo ń ta á, mo sì ń kọrin. Ó ní òun ò rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí, àti pé ibi tí òun jókòó sí lọ́jọ́ náà ni òun ti pinnu.

Òótọ́ ni pé kò rí irú rẹ̀ rí. Ní gbogbo Òkè-Ògùn nígbà náà, obìnrin tó ń kọrin pọ̀ bí yanrìn, ṣùgbọ́n èyí tó ń ta gìtá ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ orin wa kan ló kọ́ mi. Nígbà tó ń fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ó fi gìtá rẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Igi rẹ̀ ti là díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó tutù, mi ò sì fẹ́ èyí tó dùn jù ú lọ.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọkùnrin náà kò fẹ́ mi nínú òkùnkùn. Ohun tó rí ló mú. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, “ẹ” ni mo máa ń lò, títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n níbi tí mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé yìí, “ó” ni màá máa pè é. Àgbà ti dé sí èmi náà.

Ìsẹ́yìn la ń gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Igbákejì ọ̀gá ni ọkọ mi ní ilé-ìwé girama, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ àwọn ahunṣọ wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. Láti òwúrọ̀ ni òfì ti ń dún, kàà-kàà, kàà-kàà, tí àlejò á fi rò pé òjò ń pa páànù níbì kan. Ó mọ́ mi lára débi pé, tí mo bá ń ta gìtá, ọwọ́ mi máa ń bá wọn rìn láìjẹ́ pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní ìgboro. Òun ló máa ń gbè é lẹ́yìn mi. Ohùn rẹ̀ kò tóbi. Ó kàn mọ́ gaara ni, ó sì mọ ibi tó yẹ kó wọlé àti ibi tó yẹ kó dákẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́ nínú orin bíi tirẹ̀.

Èmi ni mo ń hun àwọn orin náà. Kì í ṣe orin ìjọ, kì í sì í ṣe orin òde. Ọ̀kan wà nípa obìnrin tó wa iṣu tán tí ọkọ rẹ̀ ń sọ fún àlejò pé, “Iṣu mi rèé.” Òmíràn wà nípa ọmọdébìnrin tó ń pọnmi títí tí odò fi mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tí àbúrò mi fẹ́ràn jù ni ti ìyá kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé fún oúnjẹ, tí ọmọ ọ̀hún sì ti lọ sílé ọkọ. Tí a bá kọ ìyẹn, àwọn ahunṣọ máa ń dáwọ́ òfì dúró kí wọ́n lè gbọ́. Bàbá kan nínú wọn máa ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ tún un gbé!” Ìbejì ni a fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí, orúkọ tí gbogbo àdúgbò sì ń pè mí nìyẹn.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gìtá méjì ni mo máa ń gbọ́ nínú orí mi. Ọ̀kan á jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́lé, èkejì á máa rìn káàkiri lórí rẹ̀. Ọwọ́ méjì péré sì ni Ọlọ́run fún mi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, olùkọ́ orin wa ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí téèpù rẹ̀ ń yí lórí kẹ̀kẹ́ ńlá méjì. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó dá a padà, ó sì kọ ohùn mìíràn lé e, tó fi di pé èèyàn kan ṣoṣo ń bá ara rẹ̀ kọrin. Mi ò gbàgbé ìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mò ń wá.

Nígbà tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu méjì wá dé, mo mọ̀ pé tèmi ti dé. Bí mo bá lọ sí Ìbàdàn nígbà ìsinmi, mo máa ń yà ní ilé ìtajà kan ní Dùgbẹ̀, màá dúró síwájú àwọn ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń yan ìyàwó fún ọmọ. Mẹ́ta ni mo fi ń wéra. Àkọ́kọ́ kéré, ó jẹ́ ẹlẹ́nu kan, ó ń lo bátìrì, máíkì rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀. Kò burú fún ẹni tó fẹ́ gba ohùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá á máa dún nínú rẹ̀ bíi ṣíbí tó ń kan agolo. Ìkejì ni ẹlẹ́nu méjì. Ó ní ihò tí a lè ki máíkì bọ̀, bí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bá sì ń kọrin, ìkejì lè máa gba orin náà àti ohun tó ń wọlé láti máíkì pa pọ̀. Ìyẹn ni mò ń wá. Ìkẹta tóbi bí àpótí aṣọ. Ó ní ibi tí a ti ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù lókè, ó ní rédíò láàárín, sípíkà rẹ̀ méjèèjì ga dé ìbàdí mi, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé sì ń jó níwájú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ń bẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wá láti rédíò tàbí láti rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ló lè gbà sílẹ̀. Kò sí ihò máíkì lára rẹ̀ rárá.

Owó àjọ mi ni a máa fi rà á. Mi ò níí sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a lọ, mo gbé gìtá dání. Ọkọ mi béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ẹni tó ń ra bàtà, ẹsẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn títí a fi dé Dùgbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọkọ mi. “Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Èwo ni ká gbé sílẹ̀ fún yín?”

Èmi ni mo dáhùn. “Ẹlẹ́nu méjì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki máíkì sí i, mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ó wo ọkọ mi kó tó gbé e. Mo fa gìtá yọ, mo jókòó sórí páálí kan, mo ta ìdí orin ọmọdébìnrin tó ń pọnmi yẹn sínú rẹ̀. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí ẹnu àkọ́kọ́ kó máa kọrin, mo fi òmíràn sí ìkejì, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ń rìn lé e lórí. Nígbà tí a dá a padà, gìtá méjì ló dún. Ohun tí mo ti ń gbọ́ nínú orí mi láti ọjọ́ yìí wá jáde sínú ayé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kọjá lọ ní ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní, “Ẹ gbà mí o, obìnrin ni!” Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Mo gbójú sókè láti wo ọkọ mi. Ó ti yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Gbé gìtá yẹn sínú àpò. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa ju owó sí wa níbí ni?”

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé kúrò ní Ìbàdàn, kì í ṣe ẹ̀rọ tí mo fẹ́. Mo gbé gìtá sínú àpò. Ọmọ tó ń tajà náà ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

“Ọ̀gá, ti màdámú yìí dáa o,” ló wí, “ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló ń rà á. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé kiri ìgboro. Fún èèyàn ńlá bíi tiyín, èyí ni.” Ó tẹ iná ẹ̀rọ gàgàrà náà, pupa àti àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ojú ọkọ mi sì tàn.

Mo ní, “Bàbá Ìbejì, kò ní ihò máíkì.”

“Kí la fẹ́ fi máíkì ṣe ní pálọ̀? Ṣé a fẹ́ ṣe ìsọjí ni?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé obìnrin kì í bá ọkọ rẹ̀ ṣawuyewuye láàárín ọjà, mo sì ṣe bí wọ́n ti kọ́ mi. Èmi ni mo tú aṣọ tí mo fi di owó, mo sì san án. Nínú mọ́tò, páálí ńlá náà kò gbà mí láyè, orí rẹ̀ ni mo gbé ẹsẹ̀ lé títí a fi dé Ìsẹ́yìn.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo àwọn olùkọ́ ìlú ló wá wo “ẹ̀rọ Bàbá Ìbejì”. Wọ́n jókòó, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọkọ mi a máa fi aṣọ funfun nu ẹ̀rọ náà láràárọ̀. Mo máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò nu gìtá mi rí, ṣùgbọ́n ó nu ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbà mí. Ó ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ilé-ìwé wa náà ní ọ̀kan tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mo tọrọ ti ọ̀rẹ́ mi, mo sì gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa láti máa mú ti ilé-ìwé lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo rò ó pé bí n kò bá rí ẹlẹ́nu méjì, màá fi ẹlẹ́nu kan lọ́nà méjì ṣe é. Màá kọ gìtá àkọ́kọ́ sínú ọ̀kan, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó máa kọrin, èmi àti àbúrò mi á sì máa ta, a ó máa kọ, kí ẹ̀rọ kejì máa gba gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni òfì. Ìró rẹ̀ máa ń wọnú kásẹ́ẹ̀tì ju gìtá lọ. Ṣùgbọ́n tí àkókò ìrun Jímọ̀ bá ti tó, gbogbo àwọn ahunṣọ á dìde, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á gba mọ́ṣáláṣí lọ, àdúgbò á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìwọ̀nba àkókò yẹn la ní. Àbúrò mi á ti sáré dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn yàrá, a ó fi aṣọ òkè ìyá wa bo fèrèsé kí ohùn má baà máa gbá ògiri padà. Nígbà mìíràn ìyàwó ilé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. Nígbà mìíràn bátìrì á rẹ̀, ohùn wa á wá nípọn bíi ti ọkùnrin, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí àwọn tó lọ kírun á fi padà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló lọ bẹ́ẹ̀ láìrí orin kan ṣoṣo mú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, a rí wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí a parí orin ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ariwo wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ọkà, gìtá àkọ́kọ́ sì jìnnà díẹ̀ bíi pé yàrá kejì ló wà. Kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ohùn àbúrò mi wọlé, ó di ọwọ́ mi mú.

“Àǹtí,” ló wí, “ṣé èmi nìyẹn?”

Mo ní, “Ìwọ ni.”

“Mi ò mọ̀ pé mo dáa tó báyìí.”

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni inú mi dùn jù ní ilé ọkọ, ọjọ́ yẹn ni màá sọ.

Ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi bí a ṣe ń dáàbò bo kásẹ́ẹ̀tì. Ó fi eyín kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn mí, ọ̀kan fún ojú kan, ọ̀kan fún ojú kejì. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, bí o bá ti ṣẹ́ eyín yìí, ihò ló máa kù níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa gbà láti kọ nǹkan mìíràn lé e.” Ojú kan ni orin wa wà. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ àbúrò mi ṣẹ́ eyín ojú yẹn. Mo fi ti ojú kejì sílẹ̀, nítorí pé ojú yẹn ṣófo, mo sì ní í lọ́kàn pé a ó kọ òmíràn sí i. Mo kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé orin èmi àti àbúrò mi ni, mo sì fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ní pálọ̀. Ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó dáa, ó ní ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi kọ ọ́ kò dára tó.

A kò rí ojú kejì kọ. Àbúrò mi lọ sílé ọkọ, ní Ijio, nítòsí ẹnubodè. Oníṣòwò ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọ tó ń lọ kò gba ìlù, kò gba gìtá, wọn kì í sì í kọ orin tí kò sí nínú ìwé orin wọn. Kí àbúrò mi tó lọ, ó ní kí n tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo ní ó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n pe ọkọ mi àti àwọn olùkọ́ mìíràn lọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí rédíò nípa ìwà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọjọ́ tí àwọn máa gbé e jáde. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ọjọ́ ọjà ni, mo sì lọ ra nǹkan ọbẹ̀ fún àwọn àlejò tó pè.

Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí mò ń padà bọ̀. Mo wọlé, mo sì bá a lórí àga, àwọn àlejò yí i ká, ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú sípíkà gàgàrà méjèèjì, òun náà sì ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìjíròrò náà parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí títí ìròyìn àti ìpolówó fi tẹ̀ lé e lórí rédíò. Ẹnì kan ní, “Ẹ bá wa dá a padà ká tún un gbọ́.” Ó dìde, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó fa kásẹ́ẹ̀tì yọ láti wò ó bóyá ó ti yí dé òpin. Mo rí ìkọ̀wé ọwọ́ ara mi lára rẹ̀. Mo sì rí sẹ́lótéèpù tó ń dán lẹ́yìn rẹ̀.

Agbọ̀n ọjà wà lórí mi síbẹ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo se ọbẹ̀, mo gbé e fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yìn ín. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, mo wá bá a.

“Bàbá Ìbejì, kásẹ́ẹ̀tì wo lẹ lò?”

“Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo ti wá tuntun káàkiri, mi ò rí i rà, àkókò sì ti tó.”

“Orin èmi àti àbúrò mi ló wà nínú rẹ̀.”

“Mo mọ̀. Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wò ó, wọn kì í pe èèyàn sórí rédíò lójoojúmọ́. Orin tìrẹ, orí rẹ ló wà. Tún un kọ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀.”

“Mo ti ṣẹ́ eyín rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kọ nǹkan lé e.”

“Mo rí i,” ló wí. “Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kọ̀. Sẹ́lótéèpù ni mo fi dí ihò rẹ̀, ló bá gbà.”

Bí ọkùnrin ṣe ń sọ bí òun ṣe dí ibi tí òrùlé ti ń jò ló ṣe sọ ọ́. Ọgbọ́n tó dá ń wú u lórí. Mo gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i padà, mo fi hàn án. “Ojú kejì nìyí. Ó ṣófo. Eyín rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Bí ẹ bá yí i padà báyìí ni, kò ní gbà yín ní nǹkan kan.”

Ó wo ojú kejì náà. Ó wò mí. Ó ní, “Mi ò mọ̀ pé ó lójú méjì.”

Olùkọ́ ni o. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama. Ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ tó tóbi jù ní àdúgbò, tó ń fi aṣọ funfun nù ún láràárọ̀. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ, tàbí pé ojú tì í ló ṣe wí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dé òpin, bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí ìjíròrò tán, kò pa á. Ìròyìn àti ìpolówó ọṣẹ ló gba ìyókù.

Mi ò bá a jà. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, òun ló rí i pé mi ò jẹun. Ó bi mí, mo sọ fún un. Ó ní, “Ọmọ mi, tí ọkùnrin bá fọ́ àwo, àwo mìíràn la ń rà.” Mo ní ẹ ṣeun, Màmá.

Nígbà ìsinmi, mo gbé gìtá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ijio. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí èmi àti àbúrò mi tún un ṣe. Mo ti tọrọ ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi, mo ti ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Àbúrò mi ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo dé. Ó fò mọ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó tún fò mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló rí àpò gìtá, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ọkọ mi kò ní bá yín jà, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ á gbọ́. Èmi náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú wọn. Mi ò kọrin ayé mọ́.”

“Èwo ló jẹ́ orin ayé nínú rẹ̀? Orin iṣu? Orin ọmọ tó ń pọnmi?”

Ó padà sídìí agbada, ó ń fi igbá ro gàrí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí.

“Kò dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ náà, ẹ mọ ìdí rẹ̀? Mo ní ní ọkàn mi pé ohùn mi wà lọ́dọ̀ Àǹtí. Pé lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ mi á wá sí Ìsẹ́yìn, ẹ ó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣé ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn?”

Mo rò ó pé kí n parọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rò ó. Ṣùgbọ́n àbúrò mi mọ ojú mi. Mo sọ fún un. Kò sunkún, kò bú ọkọ mi. Ó kàn ń ro gàrí náà lọ, ó ń rò ó lọ, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, tí mo fi gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mò ń lọ, ó di iṣu fún mi, ó sì sìn mí dé ibùdókọ̀. Àwa méjèèjì kò sọ̀rọ̀ orin mọ́ láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ a kì í bá ara wa yodì.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi ọkọ mi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Ṣakí, gbogbo wa sì kó lọ síbẹ̀. Nínú mọ́tò tó kó ẹrù wa, ọ̀kan nínú sípíkà gàgàrà náà ya. Ọkọ mi tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Nígbà tó yá, ó di ohun tí a ń gbé fìtílà lé.

Ní ọjà Ṣakí, àwọn oníṣòwò máa ń kó ẹrù wọlé láti òdìkejì ẹnubodè. Níbẹ̀ ni mo ti rí ẹlẹ́nu méjì lọ́jọ́ kan, èyí tó jọ ti Dùgbẹ̀ bí ọmọ ìyá. Mo dá nìkan lọ. Ìyá tó ń tà á kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó kàn ní, “Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ kò ní rà á láìgbọ́ bó ṣe ń dún.” Mo jókòó, mo ki máíkì sí i, mo ta gìtá, mo gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ojú ń ti òun. Mo rà á.

Mo gbé e délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo kọ orin ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀. Gìtá méjèèjì bọ́ sípò. Kò sí ariwo, kò sí òfì, ohun gbogbo mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tó kan ohùn kejì, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Mo wá jókòó, mo gbọ́ ọ. Obìnrin kan ló ń kọrin, tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan nínú ilé òfìfo. Kò sí ibi tí ohùn kejì ti dákẹ́ bó ṣe yẹ. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀rọ náà dára gan-an. Mo fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ní àròfọ̀ títí ó fi gbó, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Gìtá náà ṣì wà. Mo máa ń ta á nígbà mìíràn tí ilé bá dá, ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ìka mi má baà le. Mi ò kọrin sí i mọ́.

Ní ọdún kan, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn Ìbejì fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn àlejò wá kí wa. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe rí mi lórí pèpéle, ìtàn kan náà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ, ó jókòó tì mí, ó bi mí tìfẹ́tìfẹ́ pé, “Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí o kò kọrin mọ́?”

Mo wò ó dáadáa. Mo ní, “Ẹ bi ara yín.”

Ó rò ó. Mo rí i pé ó ń rò ó tọkàntọkàn, iwájú orí rẹ̀ wunjọ. Lẹ́yìn náà ló mi orí, ó ní, “Mi ò mọ ohun tí mo ṣe o. Ṣé mo sọ nǹkan kan sí ọ ni?”

Kò parọ́. Kò rántí. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí sẹ́lótéèpù, kò sí ọjọ́ ọjà kankan nínú orí ọkùnrin náà. Mo dìde, mo lọ bu omi ìwẹ̀ rẹ̀ fún un.